Oríkì Olójú Mẹ́ta Tí Kò Rí Ológeere

Olójú mẹ́ta orí òpó, mo wá kì ọ́ lónìí.
Pupa lókè, yẹ́lò láàárín, gíríìnì nísàlẹ̀,
ojú mẹ́ta ràǹdà-ràǹdà, kò sí èyí tó rí ológeere.
A-rí-jíìpù-tanná, a-rí-kẹ̀kẹ́-paná.
Adájọ́ oríta tí kì í gbọ́ tẹnu ẹlẹ́sẹ̀ méjì.
Apàṣẹ tí kò sọ̀kalẹ̀ rí kó wo ẹni tó ń pàṣẹ fún.
Ẹni tó ṣe dáadáa là ń kì ní rere,
ẹni tó fi ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ láàárín títì, oríkì tiẹ̀ náà ò ṣàì sí.
Èyí tó tọ́ sí ọ ni mo gbé wá,
mi ò bù kún un, mi ò yọ níbẹ̀.

Ṣàpọ́n, l'Abẹ́òkúta, ni mo ti ń kì ọ́. Kì í ṣe pé òpó kan báyìí ló ṣẹ̀ mí. Ìran yín lápapọ̀ ni mò ń bá wí, ìran iná tíráfíìkì, àti àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń pín àkókò lé yín lọ́wọ́. Mo yan Ṣàpọ́n torí pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí oríta ṣe ń rí nígbà tí gbogbo ẹ̀dá bá pàdé lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni kó wá nírọ̀lẹ́. Àwọn kan ń ti Aké bọ̀, àwọn kan ń forí lé Ìtòkú, takisí ń pe èrò Láfẹ́nwá, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń ki imú bọ àyè tí kò gbà á, ọlọ́kadà ń tẹ fèrè, ọlọ́mọlánke ń pariwo kí wọ́n yàgò lọ́nà. Láàárín gbogbo wọn, ológeere ń bọ̀. Bàbá ọlọ́dẹ tó ṣọ́ ilé onílé mọ́jú ni. Ajórin tó so páìpù mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni. Ọmọ iléèwé tó gbé àbúrò ẹ̀ sórí irin iwájú ni. Wọn ò pọ̀ tó ọlọ́kadà, mo mọ̀. Àmọ́ wọ́n wà, wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ ní ilé wọn.

Láti oṣù May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí 2024 tó parí ó sì ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Kẹ̀kẹ́ ológeere kì í mu epo. Bí ìlú kan bá wà tó yẹ kó ṣí ọ̀nà fún un lásìkò yìí, ìlú wa ni. Ìwọ olójú mẹ́ta lo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n ka ìran ẹ̀ fún un, kó mọ̀ pé a mọ ibi tó ti wá.

Ọmọ London, ọmọ ẹ̀bá ilé aṣòfin,
ọmọ J. P. Knight, ẹlẹ́rọ rélùwéè,
tí wọ́n bí lóṣù December 1868.
Gáàsì lo fi tàn, ọlọ́pàá ló ń fọwọ́ yí ọ.
Oṣù kejì kò tíì pé tí o bú gbàmù,
o jó ẹni tó ń tọ́jú ọ lójú.

Ọdún tó ṣáájú ìbí rẹ, ní 1867, ni Ẹ̀gbá ṣe Ìfọ́lé, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde nílùú, tí Ìwé Ìròyìn tí Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, ti ń tẹ̀ láti 1859 sì kásẹ̀ ńlẹ̀. Nígbà tí o padà dé, iná mànàmáná lo fi tàn, ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, lóṣù August 1914. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí òmìnira Ẹ̀gbá. Mi ò ní ọ̀kan ló fa èkejì. Mò ń sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé ìlú tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fúnni láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni lo wà. Ní 1920, ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ William Potts fún ọ ní ojú kẹta ní Detroit. Ní 1923, Garrett Morgan, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, gba ìwé àṣẹ fún tiẹ̀. Ti Morgan ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìran rẹ. Ó ṣe é débi pé ó ní ipò kan tó ń dá ọkọ̀ gbogbo ìhà dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni tó wà láàárín lè kúrò kí wọ́n tó tú àwọn tó kù sílẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ti kọjá. Ọgbọ́n tó yẹ kí o fi gba ológeere là ti wà lára ìran rẹ, o ò lò ó tó.

A-ka-aago-bí-ọlọ́kọ̀, ìyẹn náà lorúkọ rẹ.
Ìṣẹ́jú-àáyá ni ẹrú rẹ, jíìpù ni olówó rẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, kó má baà dà bíi pé èébú lásán ni mò ń bú u. Ká ní oríta kan fẹ̀ tó mítà 24 láti ìlà tí ọkọ̀ ti ń dúró títí dé òdìkejì. Ọkọ̀ tó ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí á là á já kí ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó pé. Ológeere tó ń lọ jẹ́jẹ́, ní bíi kìlómítà 16 ní wákàtí, á lò tó ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ó lé díẹ̀, bó bá jẹ́ pé ó ti ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn. Gbé e yẹ̀ wò: ológeere kọjá ìlà nígbà tí gíríìnì ṣì ń tàn, yẹ́lò sì yọ lọ́gán lẹ́yìn rẹ̀. Yẹ́lò lo ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Bí àwọn tó ṣètò iná kò bá fi àkókò kankan tí gbogbo ìhà á fi jẹ́ pupa sí i, ìhà kejì ti rí gíríìnì nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì wà láàárín. Kò rú òfin kankan. Gíríìnì ló rí tó fi wọlé. Ìwọ lo pè é bí ẹni tó pe àlejò wọlé, tó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Èyí tó dúró tó ń gbéra láti ilẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Ní ìpínlẹ̀ California, àwọn ẹlẹ́rọ ojú títì ní ìṣirò kan tí wọ́n fi ń dáàbò bo irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá 6 láti rí iná, láti gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà, láti gbéra. Wọ́n wá fi àkókò tó máa fi la oríta já kún un, pẹ̀lú gígùn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ní bíi kìlómítà 16 yẹn náà ní wákàtí. Fún oríta mítà 24 tí mo wí, gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìṣẹ́jú-àáyá 12. Wọ́n ní bí ẹ bá ro gíríìnì, yẹ́lò àti ìgbà tí gbogbo ìhà jẹ́ pupa pọ̀, kò gbọ́dọ̀ dín ní iye yẹn.

Wá wo ọ̀nà kékeré tó já sí títì ńlá, tí wọ́n fún ní gíríìnì ìṣẹ́jú-àáyá 5 torí pé ọkọ̀ kì í pọ̀ níbẹ̀. Fi yẹ́lò 3 kún un, fi pupa gbogbo ìhà 1 kún un, ó di 9. Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kí ológeere tó dé èbúté. Ní ìwọ̀n ìyára tirẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta jẹ́ mítà 13. Mítà 13 nínú mítà 24: àárín títì gan-an lo fi í sí. Lójú ẹni tó ń bọ̀ láti ìhà kejì, ológeere yìí ti já iná. Lójú ọlọ́pàá, ó ti já iná. Bí nǹkan bá ṣe é, àwọn èèyàn á ní ó já iná.

Asọ-olóòótọ́-di-arúfin, mo tún kì ọ́!
Agbé-ẹ̀bi-fún-ẹni-tí-wọ́n-ṣẹ̀!
Ìwọ lo dín owó ọjà, o wá ní oníbàárà ló jalè.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé àwọn ológeere kì í bọ̀wọ̀ fún iná, pé bí wọ́n ṣe máa ń sá kọjá pupa nìyẹn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti mọ̀ pé gíríìnì kò ní dé òdìkejì pẹ̀lú òun á kọ́ láti máa wo ọkọ̀, kò ní máa wo iná mọ́. Ojú tó fi ń wo ọkọ̀ ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là títí di òní. Kí iná kọ́kọ́ jẹ́ olóòótọ́ sí i, ká tó wá máa bi í léèrè òótọ́ tirẹ̀.

Gbogbo ìṣirò yẹn, orí ilẹ̀ títẹ́jú ni. Abẹ́òkúta ò tẹ́jú. Ìlú òkúta ni, ìlú gígun òkè àti sísọ̀ kalẹ̀, ohun tó sì mú kí àwọn babańlá wa rí ibi sá pamọ́ sí lábẹ́ Olúmọ ní 1830 ló ń mú kí itan ológeere máa gbóná lónìí. Ẹni tó dúró ní ìsàlẹ̀ òkè tó fẹ́ gbéra pẹ̀lú àpò gààrí lẹ́yìn, ìṣẹ́jú-àáyá 6 California kò tó o. Ó máa kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀, kẹ̀kẹ́ á yẹ̀ sí ọ̀tún, á yẹ̀ sí òsì, kó tó mú ojú ọ̀nà. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní tiẹ̀, bíréèkì kẹ̀kẹ́ àlòkù lè máà mú un dúró kíákíá nígbà tí yẹ́lò bá yọ. Òkè àti ọ̀gbun yìí gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò. Ẹ má ṣe gbé àkókò oríta ìlú títẹ́jú kan wá, kí ẹ gbé e kọ́ sórí òpó nílùú olókùúta.

Olójú mẹ́ta tó tún gbọ́n nínú ẹbí rẹ,
èyí tí wọ́n ri etí mọ́ ilẹ̀ fún, ẹ jẹ́ n kì òun náà.
Etí-wáyà, a-gbọ́-tírélà, a-dití-sí-kẹ̀kẹ́.

Àwọn iná kan wà tí wọ́n ri wáyà sábẹ́ ọ̀dà títì fún. Bí irin ńlá bá dúró lórí wáyà yẹn, agbára tó ń gba inú rẹ̀ á yí padà, iná á sì mọ̀ pé ọkọ̀ ti dé, á fún un ní gíríìnì. Irin ara kẹ̀kẹ́ kéré. Bí wọn ò bá tún etí yẹn ṣe kó lè gbọ́ ohun kékeré, ológeere á dúró títí, iná kò ní mọ̀ pé ẹnì kankan wà níbẹ̀, àyàfi bí ọkọ̀ kan bá ṣàánú rẹ̀ tó wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní ọlọ́dẹ tó ń lọ sílé ní aago márùn-ún ìdájí ni, ọkọ̀ wo ló ń bọ̀? Ọ̀nà àbáyọ ti wà tipẹ́, kò sì wọ́n: wọ́n lè ri wáyà náà lọ́nà tí á fi gbọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n lè mú kí etí rẹ̀ mú sí i, wọ́n sì lè fi ọ̀dà funfun kun àmì sílẹ̀ láti fi han ológeere ibi tó yẹ kó gbé táyà sí. Ní 2007, California fi í ṣe òfin pé iná tuntun tó bá ń mọ̀ bí ọkọ̀ bá dé gbọ́dọ̀ mọ̀ bí kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù bá dé pẹ̀lú. Òfin ni wọ́n fi ṣe, wọn ò fi sílẹ̀ fún àánú ẹnikẹ́ni.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti apá ọ̀tún. Láti ọjọ́ 2 oṣù April 1972 tí Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì, apá ọ̀tún títì ni gbogbo wa ń gbà, etí ọ̀tún pátápátá sì ni ológeere ń rìn. Tírélà àti kẹ̀kẹ́ dúró pọ̀ níwájú pupa. Gíríìnì tàn fún àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kẹ̀kẹ́ ń lọ tààrà, tírélà ń yà sí ọ̀tún. Dírẹ́bà wà lókè réré, kò rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn tírélà kì í sì í tẹ̀ lé ipa táyà iwájú bó bá ń yà. Ó ń gé ọ̀nà wọlé ni, síbi tí ológeere wà. Ìwọ olójú mẹ́ta lo sọ fún àwọn méjèèjì pé ó yá.

Ní London, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, ológeere méjì kú ní oríta ńlá Bow ní 2011, lóṣù méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Àwọn ará ìlú fi kẹ̀kẹ́ wọn dí títì, wọ́n fi ohùn òfò béèrè pé kí ló dé. Wọ́n tún iná ibẹ̀ ṣe kí ológeere lè máa gbéra ṣáájú. Ní 2014, wọ́n gbé iná kékeré síbẹ̀, ní ìwọ̀n ojú ẹni tó jókòó lórí kẹ̀kẹ́, kó má baà máa na ọrùn wo òkè. Ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan tí ológeere fi ṣáájú tírélà ti tó láti gbé e bọ́ síwájú, níbi tí dírẹ́bà á ti rí i. Wọ́n tún lè fa ìlà tí kẹ̀kẹ́ ti ń dúró síwájú ìlà ọkọ̀. Ọ̀dà funfun ni ìyẹn ń ná wọn.

A-dúró-de-òkú-kó-tó-yí-padà, ìyẹn oríkì rẹ tó dùn mí jù.

Ní Copenhagen, ní títì Nørrebrogade, wọ́n to iná tẹ̀ léra débi pé ológeere tó bá ń lọ ní kìlómítà 20 ní wákàtí á máa bá gíríìnì pàdé láti oríta dé oríta. Ó ṣeé ṣe, ojú ti rí i.

Ẹ̀yin èèyàn Ẹ̀gbá, òfin wa kò gbàgbé ológeere, iná nìkan ló gbàgbé rẹ̀. Nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ ti 1999, níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni kí ó máa fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi kékeré, bárò àti ọmọlánke ní láísẹ́ǹsì. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ní kí wọ́n máa ṣe títì kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí òfin dárúkọ nígbà owó gbígbà gbọ́dọ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà àkókò pípín. Aké ni ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Abẹ́òkúta wà, kò jìnnà sí Ṣàpọ́n rárá. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè á fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Aké yìí kan náà ni Wọlé Ṣóyínká dàgbà sí, òun tó jẹ́ alága àkọ́kọ́ fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC nígbà tí ìjọba dá a sílẹ̀ ní 1988. Àdúgbò tó fún orílẹ̀-èdè ní ẹni tó kọ́kọ́ darí àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀mí lójú títì kò gbọ́dọ̀ fara mọ́ iná tí kò ka ẹ̀mí ológeere.

Mo tún fẹ́ kí a wo òṣìṣẹ́ TRACE, àjọ tó ń darí ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó dúró láàárín oríta nínú oòrùn. Kò ní ojú mẹ́ta, méjì péré ló ní. Bó bá rí bàbá arúgbó lórí kẹ̀kẹ́ tí kò tíì dé òdìkejì, á na àtẹ́lẹwọ́ sí ọkọ̀ tó ń kánjú pé kó ṣì dúró. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní ìṣirò California. Ó wò, ó rí èèyàn, ó dúró dè é. Ohun tí ọwọ́ yẹn ń ṣe ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣètò iná kó sínú àpótí rẹ, kí iṣẹ́ ọwọ́ náà má baà parí lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá lọ sílé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹ́rọ tí ẹ máa gbé iná tó kàn wá sí oríta kankan nílùú yìí, ẹ kọ́kọ́ mú tépù àti aago dání. Ẹ wá lọ́jọ́ ọjà, nírọ̀lẹ́, nígbà tí ẹrù pọ̀. Ẹ wọn títì láti ìlà dé òdìkejì, ẹ wọn bí òkè ṣe ga tó. Ẹ bẹ ológeere bíi mélòó kan, àgbà, ọ̀dọ́, ẹni tó di ẹrù, ẹni tó gbé ọmọ, kí wọ́n gbéra láti ìdúró kí wọ́n sì là á já lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí oníkálukú lò sílẹ̀. Ti ẹni tó lọ́ra jù ni kí ẹ tẹ̀ sínú àpótí, kí ẹ sì jẹ́ kó gbéra ṣáájú tírélà. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe é, ẹ ránṣẹ́ pè mí, kí n wá ṣẹ̀dá oríkì míì fún un.